Ta Ló Lè Sọ Fún Ọ̀gá Pé Kó Dúró?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Bosso, láti Maikunkele títí wọ inú Minna, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ojú irin ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Minna mọ̀ pé ojú irin ló sọ ìlú yìí di ńlá. Èyí tó ti Baro bọ̀ tó ń lọ sí Kano, àti èyí tó ti Èkó bọ̀, ibí ni wọ́n ti pàdé ní nǹkan bí ọdún 1911. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà níhìn-ín, ọkọ̀ yẹn ló gbé bàbá wa tàbí bàbá bàbá wa wá. Ojú irin kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀ kí wọ́n yà fún ara wọn bí mọ́tò ṣe ń yà. Nítorí náà, òfin kan wà tí awakọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rú: bí tẹ́ṣàn kò bá tíì fún un ní àṣẹ pé ọ̀nà iwájú ṣófo, kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ó lè ti wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó gbé àṣẹ náà tọ̀ ọ́ wá lè má tíì tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Kò kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Títí àṣẹ yóò fi dé, ọ̀gá ń dúró ni.

Ó jọ ohun tó rọrùn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1977, ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì. Ọkọ̀ òfurufú ńláńlá méjì wà lórí ọ̀nà kan náà, kùrukùru sì bo gbogbo ilẹ̀. Ọ̀gá tó wa ọ̀kan nínú wọn, ti ilé iṣẹ́ KLM, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ògbóǹtarìgì ni, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ń yangàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra nígbà tí wọn kò tíì fún un láṣẹ. Ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bi í bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹnjiníà náà kò bá a jiyàn mọ́. Ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò. Ènìyàn 583 ló kú.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jáde, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Ilé ìwòsàn ńkọ́? Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́, ọ̀pọ̀ ni kò sì tíì gbọ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kan ní àdúgbò wa, ní aago méjì òru. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, Mátíróònù, ló ń tọ́jú ogún aláìsàn. Nínú ogún yìí, Aisha mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn sì ń jẹ́ Aisha Musa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibí mọ̀ pé n kò sọ àsọdùn. Ilé àyẹ̀wò fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n kọ Aisha Musa sára rẹ̀. Mátíróònù gbà á, ó ń gbé e lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, tó di tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́ nítorí iná ti lọ. Ó rí i pé nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀jẹ̀ náà jọ pé kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lórí fáìlì. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe irú tirẹ̀ sí ènìyàn lára, ó lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Ọmọ tó dákẹ́ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti ṣírò. Mátíróònù ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i. Bí òun bá sọ̀rọ̀ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò bi òun níwájú àwọn aláìsàn pé, "Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?" Bí òun bá sì jàre, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí òun ti dójú ti ọ̀gá, ọ̀gá yìí kan náà ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé òun. Bí òun bá dákẹ́ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn.

Nígbà tí nǹkan bá wá bàjẹ́, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni, "Ta ló ṣe é?" Wọ́n á wá ẹnì kan, ẹni tó kéré jù ni wọ́n sì sábà máa ń rí. Wọ́n á kọ kúérì sí i, wọ́n á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ ìgò oògùn méjì tó jọra bí ìbejì ló fa àṣìṣe náà, wọ́n ṣì wà lórí pẹpẹ kan náà. Nọ́ọ̀sì tó gba ipò rẹ̀ yóò tún nawọ́ síbẹ̀ lóru. Àwọn ẹbí náà ní tiwọn: àwọn kan á fẹ́ na nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí àjà ilé yín bá já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà. N kò mọ ìdí tí a fi máa ń ṣe èkíní nìkan tó bá di ti ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 1999, ìwé kan tí Institute of Medicine ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde mi gbogbo ayé: ó ní ènìyàn tó tó 44,000, ó sì lè tó 98,000, ló ń kú lọ́dọọdún nílé ìwòsàn Amẹ́ríkà nítorí àṣìṣe àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú aláìsàn mẹ́wàá, ó tó ẹnì kan tí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń pa lára, àti pé ìdajì irú ìpalára bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ni a lè dènà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀, irú tiwa, wọ́n ṣírò ikú tó ń ti ibẹ̀ wá sí mílíọ̀nù 2.6 lọ́dún. Láti 2019 ni wọ́n ti ya ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ààbò Aláìsàn Lágbàáyé, ohun tí wọ́n sì ké lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni pé kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ jáde. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí oògùn. Ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Reason, ló fi wàràkàṣì ṣàlàyé bí jàǹbá ṣe ń wọlé. Wàràkàṣì àwọn ará Switzerland ló ń sọ, èyí tó ní ihò káàkiri. Wàrà àwọn ìyá Fúlàní wa kò ní ihò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lo páànù. Ẹ mú páànù àlòkù mẹ́rin tó ti ń jò, kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn. Òjò yóò gba ihò ti òkè kọjá, èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò sì dá a dúró. Ọjọ́ tí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni omi yóò kán sórí ẹni tó sùn sábẹ́ wọn. Ní wọ́ọ̀dù wa yẹn, orúkọ méjì tó bára mu jẹ́ ihò kan. Nọ́ọ̀sì kan sí ogún aláìsàn jẹ́ ihò kejì. Iná tó lọ ni ìkẹta, ní ìpínlẹ̀ Niger yìí tí wọ́n ń pè ní Power State, tí ibùdó iná mànàmáná Kainji, Shiroro àti Zungeru wà nínú rẹ̀! Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni iná. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀, inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Bí ooru bá mú un fún ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ ń dínkù. Nọ́ọ̀sì yóò gún abẹ́rẹ́ náà bó ti yẹ, ní àkókò tó yẹ, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dá. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tí ẹ ó kọ kúérì sí.

Páànù kẹrin ni ẹnu ọmọ yẹn. Èyí nìkan ni kò gba owó láti tún ṣe.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde fún yàrá iṣẹ́ abẹ, ojú ewé kan péré, ohun mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọn yóò kà á sókè kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn oorun, kí abẹ tó kan ara rẹ̀, àti kó tó kúrò ní yàrá náà. Ta nìyí? Iṣẹ́ abẹ wo ni? Apá ọ̀tún ni àbí òsì? Ṣé iye òwú àti abẹ́rẹ́ tí a kó wọlé pé? Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, láti Lọ́ńdọ̀nù àti Toronto títí dé Ifakara ní Tanzania. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 2009. Ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lọ sílẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ohun mọ́kàndínlógún náà ni èyí tó kéré jù lójú: kí abẹ tó kan ara, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá yóò dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Ẹ lè ní eré kí ni èyí. Ẹni tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní pẹ́ kó tó tún fọhùn. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí ọ̀gá ń pè ní "ìwọ yìí", yóò wo òwú tí wọ́n gbàgbé sínú ikùn, yóò sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ní Ontario, ní Kánádà, ìjọba pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn máa lò ó. Ìwádìí tó jáde ní 2014 kò rí i pé ikú dínkù lọ títí. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ ń fa ìlà sí i bí ẹni ń bu ọwọ́ lu ìwé ìpàdé. Bí ọ̀gá bá fa ìwé náà yọ, tó sì ń kà á pẹ̀lú ìkanra, tí gbogbo yàrá ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà" kí ó lè tètè parí, ìwé wà, àṣà kò sí.

Ní orílẹ̀-èdè wa níbí, mo mọ ibi tí a ti rí ohun tí "ẹ dúró" lè ṣe. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ ní Èkó láti Liberia pẹ̀lú àìsàn lára. Ilé ìwòsàn First Consultant ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ara fu ú. Ọkùnrin náà ní òun kò bá ẹni tó ní Ebola pàdé rí. Dókítà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀: ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ní kò ní jáde. Àwọn aṣojú ìjọba Liberia ń fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀, ìpàdé kan ń dúró dè é ní Calabar. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ebola ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn náà kò tàn ká Nàìjíríà bó ti tàn ká Liberia. Ènìyàn 20 ló mú, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

A máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn akọni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un tí a kì í fẹ́ sọ. Èkíní, ọ̀gá ni Dókítà Adadevoh. Ó ní ipò tó lè fi dojú kọ ẹni ńlá. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ọdún kan ló kọ́kọ́ fura ní òru ọjọ́ yẹn, ta ni ì bá gbọ́ ọ? Èkejì, òun fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́jọ náà. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, àwọn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì kú pẹ̀lú. Ẹnu nìkan kò tó nígbà tí kò bá sí ìbọ̀wọ́, tí kò sí yàrá tí a ya sọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn tí kò lè dáàbò bo òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lè dáàbò bo aláìsàn.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá àṣà wa mu, pé ọmọdé kì í dá àgbà lẹ́kun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe láàárín àwọn àgbà, kí ni a kọ́ ọ pé kó sọ? Yóò ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọgbọ́n lè gba ẹnu ọmọdé jáde, wọ́n sì ṣe ẹnu ọ̀nà fún un. Ọmọ yóò tọrọ ààyè, àgbà yóò fún un, yóò sì gbàdúrà pé kó tún ní òmíràn í sọ. Èdè wa pàápàá ń ràn wá lọ́wọ́. "Ẹ dúró, mà": "ẹ" ti bọ̀wọ̀, "mà" ti kúnlẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí a sọ fún gbọ́dọ̀ dúró.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìpele mẹ́ta. A ní in lédè wa. Kọ́kọ́ sọ pé, "Ọkàn mi kò balẹ̀ sí èyí, sà." Bí wọn kò bá gbọ́: "Ara ń fu mí." Bí wọn kò bá tún gbọ́: "Ẹ dúró. Ewu wà níbẹ̀." Gbogbo ilé ìwòsàn yóò sì ti fohùn ṣọ̀kan pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dé ìpele kẹta, kódà kó jẹ́ ẹni tó ń fọ ilẹ̀, gbogbo ọwọ́ yóò dúró.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹ ra ìwé kan, ìwé ọlọ́gọ́ta ewé tí ọmọ iléèwé ń lò ti tó. Ẹ kọ "Ó Kù Díẹ̀" sí èèpo rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibi tí kò yẹ, bí ọmọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹni tó rí i kọ ọ́ síbẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. A mọ ìdúpẹ́ í ṣe. Bí orí bá yọ wá, a ó jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó ṣe sàárà lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a ó padà síbi ìgò méjì tó jọra. Kì í ṣe pé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó mu ọtí wá síbi iṣẹ́, ẹni tó ta oògùn aláìsàn, ìyẹn ti kúrò ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ nítorí àárẹ̀, tó sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá bá a jà, ẹ ti kọ́ gbogbo àwọn yòókù pé kí wọ́n máa fi pamọ́.

Ẹ̀yin aláìsàn àti ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú yín wà lára àwọn páànù tí mo sọ yẹn pẹ̀lú. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nílé, títí kan àgbo, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan kí ẹ gbé e wá fún dókítà. Kò ní bá yín jà nítorí àgbo. Bó bá bá yín jà, ẹ má fi pamọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn kí ni, ti ta sì ni?" Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín ní orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má kanra, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí èdè kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Ní Bosso yìí, aláìsàn lè máa sọ Gbagyi, kí nọ́ọ̀sì máa sọ Nupe, kí dókítà sì jẹ́ Ígbò. Hausa díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lè máà tó láti ṣàlàyé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ àti oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tọ́ yín ni kó yé yín. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti kó ẹ̀tọ́ aláìsàn jọ sínú ìwé kan. Òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 sì ti sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì padà.

Kí àkókò tó pé, ẹ jẹ́ kí á padà sí wọ́ọ̀dù wa. Aago méjì òru ṣì ni, iná kò tíì dé. Ọmọ tó di tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ tún la ẹnu, lọ́tẹ̀ yìí ohùn jáde. "Mà, ẹ dúró. Ara ń fu mí sí nọ́ńbà yẹn." Mátíróònù dúró. Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó na ẹ̀jẹ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀, ó fa fáìlì súnmọ́ ọn, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà bára mu. Mẹ́fà ni ọmọ yìí rí tó pè ní mẹ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ Aisha ti bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni lóòótọ́.

Ojú ń ti ọmọ náà, ó ti ń kúnlẹ̀. Mátíróònù gbé ẹ̀jẹ̀ náà kọ́, ó wo bó ṣe ń kán, lẹ́yìn náà ló yíjú sí i, ó ní, "Dìde. Wàá rí òmíràn pa."